Ilẹ̀kùn Kẹta: Owó Ìpamọ́, Àìlera àti Owó Ìrànwọ́ Ìjọba ní Ìlú Ọba

 

Ìwé tí ẹgbẹ́ Yorùbá ní Ìlú Ọba yìí fi pè mí kún fún ìbéèrè. Mo yan mẹ́ta nínú wọn. Ẹnì kan ní: bí mo bá lówó ní báńkì, ṣé mo ṣì lè gba PIP, owó ìrànwọ́ fún ẹni tó ní àìlera? Ẹlòmíràn ní: ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń gba owó àìsàn, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní iye tí mo ní rí, èé ṣe tí wọ́n fi wá ń béèrè nísinsìnyí? Ẹnì kẹta ní: ilé tí mo kọ́ sí Ìbàdàn, kí ló kan ìjọba ibí nínú rẹ̀?

Inú kókó kan ṣoṣo ni ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá, kókó náà ni mo sì wá sọ. Òfin Ìlú Ọba kò ka owó ìpamọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń fún ènìyàn lówó ló ń pinnu bóyá wọ́n á yẹ àpò rẹ̀ wò. Bí ìdí náà bá yí padà, ìbéèrè á yí padà, ìbáà jẹ́ pé àìsàn àná náà ló ṣì ń bá a fínra lónìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń há mọ́ lọ́wọ́ kò purọ́, wọn ò sì jalè. Wọ́n kàn ti orí owó ìrànwọ́ kan bọ́ sórí òmíràn ni, wọn ò sì mọ̀ pé òfin ibẹ̀ yàtọ̀.

Ilẹ̀kùn mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ilé kan tó ní ilẹ̀kùn mẹ́ta.

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ wà fún ẹni tó ti dáwó. National Insurance tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wa ló ń ṣí i. Bí òṣìṣẹ́ bá ń ṣàìsàn, agbanisíṣẹ́ ní láti san owó àìsàn tí òfin là kalẹ̀ fún un títí di ọ̀sẹ̀ 28. Bí èyí bá tán tí ara kò sì tíì yá, ó lè béèrè fún New Style ESA, owó ìrànwọ́ fún ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́. Wọ́n á wo National Insurance tó san ní ẹnu ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n á sì wo àìsàn rẹ̀. Wọn ò ní bi í ní iye tó wà ní báńkì. Owó ìfẹ̀yìntì ibi iṣẹ́ tó bá ju £85 lọ́sẹ̀ lè dín in kù, ṣùgbọ́n owó ìpamọ́ kò lè fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ní £500 àti ẹni tó ní £50,000 lè gba iye kan náà. Ẹ̀yin tí ìwé ìgbélùú yín sì sọ pé ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìlú, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: New Style ESA kò sí lára owó tí wọ́n fi dè yín, nítorí owó tí ẹ ti dá sílẹ̀ ló bí i. Bí ẹ bá ti san National Insurance tó bó ṣe yẹ, ẹ lè béèrè fún un.

Ilẹ̀kùn kejì wà fún ẹni tí nǹkan ń ni lára. PIP ló wà níbẹ̀. Láti April 2013 ló ti ń rọ́pò DLA, owó àìlera àtijọ́, fún àwọn tó ti kúrò lọ́mọdé tí wọn ò tíì dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì. Ní Scotland, Adult Disability Payment ni wọ́n ń pè é. Ohun tí wọ́n ń wò níbẹ̀ ni bí ènìyàn ṣe ń se oúnjẹ, bó ṣe ń wẹ̀, bó ṣe ń wọṣọ, bó ṣe ń rìn láti ibì kan dé ibòmíràn. Máàkì 8 a máa gba owó kékeré, 12 a máa gba owó ńlá. Owó oṣù kò kàn wọ́n, owó ọkọ tàbí ti aya kò kàn wọ́n, owó ìpamọ́ kò kàn wọ́n. Bákan náà ni Attendance Allowance tó wà fún àwọn àgbà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ti rí ìdáhùn nìyẹn: bí ẹ bá ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, ẹ ṣì lè gba PIP.

Ilẹ̀kùn kẹta wà fún ẹni tí kò ní. Universal Credit ló wà níbẹ̀ báyìí, òun ló ń sanwó ilé àti owó oúnjẹ, òun ló sì ń fi kún un fún ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́. Níbí ni wọ́n ti máa ń sọ pé: ẹ jẹ́ ká rí ìwé báńkì yín.

Ìyàtọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1931, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n gógó, ìjọba ilẹ̀ yìí máa ń rán òṣìṣẹ́ lọ sílé àwọn tó ń béèrè ìrànwọ́ láti wo ohun tí wọ́n ní àti ohun tí ará ilé wọn ń mú wálé. Ìtìjú yẹn kò kúrò nínú àwọn ènìyàn bọ̀rọ̀. Nígbà tí William Beveridge kọ ìjábọ̀ rẹ̀ lórí owó ìrànwọ́ ìlú ní 1942, ohun tó fẹ́ ni pé kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ wọlé, kí ìwádìí ohun-ìní sì ku ti àwọn díẹ̀ tí nǹkan bá yẹ̀ lórí wọn. Òfin National Insurance ti 1946 ṣe ti àkọ́kọ́, òfin National Assistance ti 1948 ṣe ti kẹta. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún ni wọ́n ń sọ ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ di tóóró. ESA dé ní October 2008. Nígbà tó di 2012, wọ́n fi gbèdéke ọjọ́ 365 sí i fún àwọn tí ìjọba bá gbà pé wọ́n lè máa múra sílẹ̀ de iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ tí ì bá dúró síbi ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ di ẹni tó ń tò síwájú ilẹ̀kùn kẹta.

Ìṣirò ilẹ̀kùn kẹta

Owó ìpamọ́ tí kò bá ju £6,000 lọ, Universal Credit kì í yọ nǹkan kan nítorí rẹ̀. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, gbogbo £250 tó bá lé sórí rẹ̀, tàbí ohunkóhun tí kò tó £250, wọ́n á kà á pé ó ń mú £4.35 wálé lóṣooṣù, wọ́n á sì yọ ọ́ nínú owó tí wọ́n fẹ́ san. Tó bá ti ju £16,000 lọ, kò sí Universal Credit mọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà. Ẹni tó ní £9,000, ohun tó lé lórí £6,000 jẹ́ £3,000. Ìdá £250 méjìlá ló wà níbẹ̀. Ìlọ́po 12 £4.35 jẹ́ £52.20 lóṣù. Ẹni tó ní £16,000 géérégé, £174 ni wọ́n á yọ lóṣù. Ẹni tó ní £16,001, òdo ni.

Ẹ tún wo £4.35 yẹn dáadáa. Láàárín ọdún kan, ó di £52.20 lórí £250. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́n-ùn 21 lórí ọgọ́rùn-ún. Báńkì wo ló ń san èlé bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó kówó sọ́dọ̀ rẹ̀? Kò sí. Òfin ń ṣe bí ẹni pé owó aláìsàn ń bímọ lójoojúmọ́, nígbà tó jẹ́ pé jíjẹ ló ń jẹ ẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ fún un pé kó kọ́kọ́ ná tirẹ̀ ni ìṣirò náà, wọn ò kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Tọkọtaya, àpò wọn di ọ̀kan lójú òfin. Iye náà kì í di ìlọ́po méjì nítorí pé ènìyàn méjì ni wọ́n. Ìyàwó tó ń ṣàìsàn tí kò ní kọ́bọ̀ lè pàdánù Universal Credit nítorí £17,000 tí ọkọ rẹ̀ tọ́jú kí wọ́n tó fẹ́ra wọn.

Ilé tí ènìyàn ń gbé kò sí nínú ìṣirò yìí. Ẹrù ilé kò sí, ọkọ̀ tó ń gùn kò sí, owó ìfẹ̀yìntì tí kò tíì tó àkókò láti gbà kò sí. Bí wọ́n bá jẹ yín ní owó PIP tàbí owó ìrànwọ́ mìíràn, tí wọ́n wá san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ní oṣù 12 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á mọ́ owó ìpamọ́. Ṣùgbọ́n owó báńkì wà níbẹ̀, ISA wà níbẹ̀, Premium Bonds wà níbẹ̀, ìpín nínú iléeṣẹ́ wà níbẹ̀, ilẹ̀ àti ilé kejì wà níbẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n wà láyé.

Ní April 2006 ni wọ́n gbé £16,000 yẹn kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn owó ìrànwọ́ tí Universal Credit wá rọ́pò. Láti ìgbà náà kò tíì sún. Búrẹ́dì ti gbówó lórí, owó ilé ní Peckham àti ní Woolwich ti ròkè lálá, ohun tí £16,000 lè rà nígbà náà ti ju £25,000 lọ báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni gbèdéke ṣì wà níbi tó wà. Ẹni tí òfin kò kà sí olówó ní 2006 ti di olówó lójú òfin láìjẹ́ pé ó lówó sí i.

Níbi tí a ti ń kọjá

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni mo dé yìí, nítorí pé ẹni tó dúró sójú kan kì í sábà rí wàhálà. Ẹni tó ń kọjá láti ilẹ̀kùn kan sí òmíràn ni ó máa ń rí i.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣìṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin ni, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe ní London, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ dáadáa. Ó ń háyà ilé. Ó ti fi ọdún mẹ́wàá tọ́jú £18,000. Rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Owó àìsàn ibi iṣẹ́ tán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 28, ó bọ́ sórí New Style ESA. Kò sí ẹni tó bi í ní iye tó ní. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n ESA kì í sanwó ilé, Universal Credit ló ń ṣe é, £18,000 rẹ̀ sì ti ti ilẹ̀kùn yẹn. Owó ìpamọ́ náà ló ń ná sórí ilé.

Ẹ wo ohun méjì tó ń bọ̀ lọ́nà. Ọjọ́ tí owó rẹ̀ bá rẹlẹ̀ dé £16,000, ó ti lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún Universal Credit, àní bí ESA kò tilẹ̀ tíì tán. Kò sí ẹni tí yóò kọ lẹ́tà sí i láti sọ fún un. Bí kò bá mọ̀, yóò máa ná an lọ títí dé £13,000, dé £10,000, owó oṣù tó ti kọjá kò sì ní í padà wá. Owó tí Universal Credit lè san sẹ́yìn kì í ju ti oṣù kan lọ, ìdí tí wọ́n fi ń gbà bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀.

Èkejì ni àyẹ̀wò àìsàn. Bí wọ́n bá pinnu pé àìsàn rẹ̀ le débi pé kò yẹ kí wọ́n bi í léèrè iṣẹ́, ESA rẹ̀ á máa bá a lọ láìní gbèdéke ọjọ́. Bí wọ́n bá ní ó lè máa múra sílẹ̀ de iṣẹ́, ọjọ́ 365 ni. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, kò sí mọ́. Ká ní £13,000 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Universal Credit á gbà á wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n á máa yọ £121.80 lóṣooṣù nítorí owó yẹn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìpinnu tí wọ́n ṣe lórí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di ìpinnu lórí báńkì rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ yẹpẹrẹ mú lẹ́tà àyẹ̀wò. Ẹ ní oṣù kan láti sọ fún DWP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń san àwọn owó ìrànwọ́ yìí, pé kí wọ́n tún ìpinnu náà yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lè gbé e lọ sílé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí owó láti san níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì tí a ti ń kọjá ni ti tax credits. Láti April 2003 títí di 5 April 2025, òṣìṣẹ́ tó ní ìpèníjà ara tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan lè gba Working Tax Credit, wọ́n á sì fi kún un nítorí ìpèníjà náà. Owó yẹn kò ní gbèdéke owó ìpamọ́ rárá. Ènìyàn lè ní £30,000 kó sì máa gbà á. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kó gbogbo wọn lọ sórí Universal Credit, wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́, wọ́n sì fún wọn ní oṣù mẹ́ta láti béèrè. Ẹni tó béèrè lásìkò, wọ́n fi oṣù 12 jì í: wọn ò ní wo ohun tó ju £16,000 lọ láàárín ìgbà náà. Lẹ́yìn oṣù 12, wọ́n á wò ó. Ẹni tó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ béèrè fún Universal Credit kí lẹ́tà tó dé, bóyá nítorí pé ó kó kúrò ní àdúgbò kan sí òmíràn, kò rí ìdáríjì ọdún kan náà gbà. Èmi àti ìwọ jọ ń ṣiṣẹ́, a jọ ní owó kan náà, àìlera wa dọ́gba. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù ló yà wá sọ́tọ̀.

Àwọn tó wà lórí ESA àtijọ́, èyí tó ń wo ohun-ìní, £6,000 àti £16,000 kan náà ni wọ́n bá níbẹ̀. Kò yẹ kí kíkọjá wọn mú ìyàlẹ́nu wá. Ohun tó ń mú un wá ni pé ìbéèrè tí wọ́n dáhùn ní 2010 tún di tuntun, owó sì ti rọra pọ̀ láàárín ìgbà náà. Níbò ló ti pọ̀? Lára PIP ni nígbà mìíràn. PIP fúnra rẹ̀ kì í ṣe owó tí Universal Credit ń yọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń tọ́jú rẹ̀ lóṣooṣù láti ra ọkọ̀ tó gba kẹ̀kẹ́ arọ, ohun tó kó jọ náà ti di owó ìpamọ́. Owó tó gba ilẹ̀kùn kejì wọlé láìsí ìbéèrè lè di ohun tí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn kẹta mọ́ yín.

Bí ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì bá dé, ìṣirò náà rọ̀ díẹ̀. Pension Credit kì í wo £10,000 àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, £1 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kà sórí gbogbo £500, kò sì sí iye tí ó máa ń ti ilẹ̀kùn pa. Ṣùgbọ́n láti 15 May 2019, tọkọtaya tí ọ̀kan ti dé ọjọ́ orí náà tí èkejì kò tíì dé e, bí wọ́n bá fẹ́ béèrè tuntun, Universal Credit ni wọ́n máa lọ. Bàbá ẹni ọdún 70 tó ní ìyàwó ẹni ọdún 58, owó ìpamọ́ wọn di ohun tí wọ́n ń fi £16,000 wọ̀n títí ìyàwó á fi dàgbà tó.

Owó wa, àṣà wa

Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní ìfowópamọ́. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. A ń dá àjọ ní Peckham bí a ṣe ń dá a ní Ọjà Ọba. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà tọ́jú owó kì í sábà bá fọ́ọ̀mù ìjọba mu, mo sì fẹ́ mẹ́nu ba ibi mẹ́rin.

Àkọ́kọ́ ni àjọ tó kan yín. Ẹ ní £12,000, ẹ wá kó àjọ £5,000. Bí owó àjọ yẹn bá ṣì wà lọ́wọ́ yín nígbà tí wọ́n ń ṣírò, ẹ ti ju £16,000 lọ. Bí wọ́n bá ti ìwé yín pa, kì í ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí owó bá rẹlẹ̀. Ẹ ní láti béèrè lákọ̀tun. Ẹni tó mọ̀ pé àjọ òun ń bọ̀ yẹ kó ti mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kó sì sọ fún DWP.

Èkejì ni ẹni tí owó àwọn ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tó ń gba àjọ ènìyàn ogún sínú àkáǹtì tirẹ̀, òfin gbà pé owó yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló máa fi hàn bẹ́ẹ̀. Ìwé àjọ tó ní orúkọ, ọjọ́ àti iye, tàbí ọ̀rọ̀ WhatsApp tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́, ni ẹ̀rí. Ohun tí a ń fi ọkàn mọ̀ láàárín ara wa kò tó ní ọ́fíìsì. Ó sàn jù kí owó àjọ ní àkáǹtì tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹta ni àkáǹtì tí ènìyàn méjì jọ ní. Bí ọmọ bá kọ orúkọ ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn mọ́ àkáǹtì kí ó lè máa bá a ra nǹkan, òfin á kọ́kọ́ kà á pé ìdajì jẹ́ ti ìyá, àfi bí ẹ bá fi ẹ̀rí gbé e pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ilé tó wà nílé. Bẹ́ẹ̀ ni, ó kan ìjọba ibí. Ilé tí kì í ṣe ibi tí ẹ ń gbé, ìbáà wà ní Ìbàdàn, ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Kútọnu, ohun-ìní ni lójú Universal Credit. Iye tí ó lè tà ní ìlú tó wà ni wọ́n máa ń wò, wọ́n á yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún ìnáwó títà, wọ́n á sì yọ gbèsè tó wà lórí rẹ̀. Àwọn ohun kan wà tó lè yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Bí ìyá tàbí bàbá yín tó ti dàgbà ló ń gbé inú rẹ̀ bí ilé rẹ̀, òfin ní àyè fún ìbátan tímọ́tímọ́ tó ti dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì tàbí tí àìsàn kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ń gbìyànjú lóòótọ́ láti tà á, wọ́n lè fún yín ní oṣù mẹ́fà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá sì jẹ́ ilé ẹbí ni, tí gbogbo ọmọ bàbá jọ ni ín, ìpín tiyín nìkan ló kàn yín. Ohun tó léwu ni kí ènìyàn kọ "kò sí" síbi tí wọ́n ti béèrè, torí pé ó rò pé Ìbàdàn jìnnà.

Kí a kó o fún àbúrò

Mo mọ ohun tí ẹnì kan ń rò níbẹ̀ yẹn: bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, mo máa kó £12,000 ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Òṣogbo, kó bá mi tọ́jú rẹ̀. Òfin ti ronú débẹ̀ ṣíwájú yín. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ yọ owó kúrò lọ́wọ́ nítorí kí ẹ lè gba owó ìrànwọ́, wọ́n á ṣe bí ẹni pé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ti pàdánù owó, ẹ tún pàdánù ìrànwọ́. Bí ẹ bá sì ti gbà nínú rẹ̀, ẹ máa dá a padà, ó sì lè di ẹjọ́ ọ̀daràn. Ní 2025, ìjọba gbé òfin kan wá sílé aṣòfin pé kí báńkì máa tọ́ka àkáǹtì tó bá dà bíi pé owó inú rẹ̀ ta ko òfin Universal Credit. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a.

Ṣùgbọ́n òfin kò ní kí ẹ má ná owó yín. Lábẹ́ Universal Credit, ẹ lè fi san gbèsè. Ẹ lè fi ra ohun tó bójú mu fún ipò yín: kẹ̀kẹ́ arọ tó dára, ibùsùn tó ń gbé aláìsàn sókè, àtúnṣe báluwẹ̀. Ìnáwó òkú òbí ẹni kì í ṣe ohun tí a lè kọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá ọ́fíìsì tí kò tíì lọ síbi òkú Yorùbá rí lè má mọ ìdí tí ó fi gba £4,000. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí ènìyàn ná owó àti kí ó fi í pamọ́ ni pé kí ìwé wà.

Bí wọ́n ṣe ṣe é ní Amẹ́ríkà

Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa ní Houston mọ ohun tí mò ń sọ, tiwọn sì le ju tiwa lọ. SSDI wà fún ẹni tó ti dáwó, kò wo owó ìpamọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn ní láti dúró fún oṣù márùn-ún gbáko kó tó bẹ̀rẹ̀. SSI wà fún ẹni tí kò ní. Ọ̀pọ̀ ń fi SSI gbé àwọn oṣù márùn-ún yẹn. Ẹni tó bá ní ju $2,000 lọ kò lè gbà á, tọkọtaya kò gbọdọ̀ ju $3,000. Láti 1989 ni iye náà ti wà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ohun kan tí ó yẹ ká kọ́. Òfin ABLE, tí Ààrẹ Obama buwọ́ lù ní December 2014, jẹ́ kí ẹni tí ìpèníjà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọdún 26 ní àkáǹtì ọ̀tọ̀. Títí dé $100,000 nínú rẹ̀, SSI kì í wò ó. Òfin 2022 sún ọjọ́ orí náà sí 46 láti January 2026. Wọ́n gbà nílẹ̀ náà pé ẹni tí ara rẹ̀ kò le nílò owó tó pọ̀ ju ti ẹni tí ara rẹ̀ le, àti pé kò yẹ kí owó yẹn di ohun tí wọ́n á fi jẹ ẹ́ níyà.

Ohun tó yẹ

Àwọn kan á sọ pé owó-orí àwọn òṣìṣẹ́ ló ń san gbogbo èyí, àti pé kò tọ́ kí ẹni tó ní £40,000 gba ohun tí ẹni tí kò ní nǹkan ń gbà. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí nínú. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kò burú kó kọ́kọ́ ná tirẹ̀, yóò tún un kó jọ. Ṣùgbọ́n àìsàn kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ẹni tó fi owó ọdún mẹ́wàá ná ọdún àìsàn méjì kò ní ibi tí yóò ti rí òmíràn. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òfin yìí ń fipá mú àgbà láti jẹ àjẹìwẹ̀yìn, ó sì tún ń bi í níbi tó ti rí igbá.

Ìyípadà mẹ́rin ni mo fara mọ́. Kí wọ́n gbé £6,000 àti £16,000 sókè, kí wọ́n sì máa sún un bí ọjà ṣe ń gbówó lórí. Kí wọ́n fòpin sí ìṣirò £4.35 tí kò bá èlé báńkì kankan mu. Kí ẹni tí ESA ọjọ́ 365 rẹ̀ tán rí ìdáríjì oṣù 12 tí wọ́n fún àwọn tó ti orí tax credits wá. Kí àkáǹtì bíi ti ABLE wà níhìn-ín fún ẹni tó ní ìpèníjà ara.

Ìwọ̀nyí wà lọ́wọ́ ilé aṣòfin, àwọn aṣòfin àdúgbò yín sì ń jókòó gba ará ìlú lálejò. Ẹ lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yìí kò nílò òfin tuntun. Kí gbogbo ẹgbẹ́ àjọ tó wà lábẹ́ yín ní ìwé àti àkáǹtì tirẹ̀. Kí ẹ máa pe olùgbaninímọ̀ràn láti Citizens Advice wá sí ìpàdé yín lóòrèkóòrè, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Kí ẹnikẹ́ni tí lẹ́tà bá dé bá, tó ní kó kúrò lórí owó kan lọ sórí òmíràn, bi ara rẹ̀ léèrè kó tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù: kí ni ìdí tí wọ́n fi ń fún mi ní èyí tí mo ń gbà, kí ni ìdí tí wọ́n máa fi fún mi ní èyí tó ń bọ̀, èwo nínú méjèèjì ló ń wo àpò mi? Bí kò bá lè dáhùn, kó má dá lọ. Kó mú lẹ́tà náà wá síbí, kó sì wá kí gbèdéke oṣù mẹ́ta tàbí oṣù kan tó pé.